Ìfiwéra ọ̀nà tí a ń gbà ya lẹ́tà àti àwòrán sójú skríìnì: èwo ló yẹ iṣẹ́ tí ẹ ní lọ́wọ́?

Alẹ́ ọjọ́ Sátidé ni mo parí ètò náà, àárọ̀ ọjọ́ Sunday ni ojú tì mí. Ìjọ wa fẹ́ máa fi projector gbé ọ̀rọ̀ orin sára ògiri, mo sì ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún mi, ṣebí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo fi ń jẹun. Mo lo WebGL, ọ̀nà tí ojú ìwé inú browser fi ń gbé iṣẹ́ yíyà fún GPU, ẹ̀yà kọ̀ǹpútà tó ń ya àwòrán; mo ya àwòrán lẹ́tà kọ̀ọ̀kan pa mọ́, mo jẹ́ kí ìlà orin máa rọra tàn wọlé bí iná àtùpà tí wọ́n ń yí sókè. Ó wù mí lójú. Orin àkọ́kọ́ dé, gbogbo ìjọ gbójú sókè, wọ́n rí “Ọlọ▯run”. Ìlà kejì ní “ẹ▯jẹ▯ Jésù”. Jésù nìkan ló jáde geere.

Bàbá tó ń darí akọrin tẹ̀ sí etí mi: “Ọmọ mi, ta ló gbé àpótí sáàárín orúkọ Ọlọ́run?”

“Ẹ má bínú, Bàbá. Mò ń tún un ṣe lọ́wọ́.”

“Pa á ná. A mọ orin yẹn lórí.”

Ìdí tí Jésù fi là á já ń bọ̀ nísàlẹ̀. Ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ sọ ni pé mo ti yan ọ̀nà kí n tó mọ ohun tí iṣẹ́ náà ń fẹ́. Láti ìgbà yẹn, ìbéèrè mẹ́ta ni mo máa ń bi ara mi kí n tó fọwọ́ kan kóòdù. Ẹ̀ẹ̀melòó ni ohun tó wà lójú skríìnì ń yí padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan? Ṣé ìwọ̀n lẹ́tà náà máa ń yí padà, àbí bákan náà ló máa ń wà? Ṣé ẹni tó ń kà á máa fẹ́ yàn án, kó daàkọ rẹ̀, kó wá ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀? Gbogbo ìfiwéra tó wà nísàlẹ̀ yìí, orí ìbéèrè mẹ́ta yẹn ló dúró lé.

Bí ẹrù náà ṣe tó

Skríìnì tó fẹ̀ ní 1920, tó ga ní 1080, ní píksẹ́lì, ìyẹn ojú kékeré tó ń tàn, 2,073,600. Bí píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan bá gba báìtì mẹ́rin, fíréèmù kan, ìyẹn odindi àwòrán ojú skríìnì lẹ́ẹ̀kan, jẹ́ báìtì 8,294,400. Skríìnì tó ń tún ara rẹ̀ yà nígbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan fún yín ní mílísẹ́kọ́ńdì 16.7 péré láti parí fíréèmù kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, fíréèmù yẹn já nìyẹn, ojú á sì rí i pé nǹkan tó ń rìn ta gìrì.

Ẹ fi wé VGA, ẹ̀yà kọ̀ǹpútà tó ń gbé àwòrán sójú skríìnì, tí IBM gbé jáde lọ́dún 1987. Bí ó bá wà nípò ọ̀rọ̀ kíkọ lásán, òpó 80 àti ìlà 25 ló ní, ó di àyè 2,000. Àyè kọ̀ọ̀kan gba báìtì méjì: ọ̀kan jẹ́ nọ́ńbà lẹ́tà, èkejì jẹ́ àwọ̀ rẹ̀. Gbogbo ojú skríìnì, báìtì 4,000. Àwòrán àwọn lẹ́tà wà nínú VGA fúnra rẹ̀, ẹ ṣáà kọ nọ́ńbà, VGA á yà á. Ìdí nìyẹn tí kọ̀ǹpútà tí kò lágbára tó fóònù tó kéré jù lónìí fi lè gbé ojú ìwé kan jáde lọ́gán.

Ọgbọ́n yẹn ò kú. Ohun tó pọ̀ jù nínú àwọn ọ̀nà òde òní, ọgbọ́n yẹn náà ni wọ́n ràn láṣọ tuntun: yà á lẹ́ẹ̀kan, fi í pa mọ́, kí o máa nawọ́ sí i. Àbùkù rẹ̀ náà sì tẹ̀ lé e wá. Lẹ́tà 256 ni àyè rẹ̀ gbà, ẹni tó yan lẹ́tà tó máa wọ inú 256 yẹn kò rántí ẹ̀gbọ́n wa tó ń jẹ́ Ọláṣọpẹ́.

Kíkùn gbogbo ojú, tàbí títún ibi tó yí padà kùn

Ọ̀nà kìíní: ní fíréèmù kọ̀ọ̀kan, ẹ nu gbogbo rẹ̀ nù, kí ẹ tún un yà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó rọrùn láti kọ, àṣìṣe rẹ̀ kì í pọ̀, torí pé ohun tó wà nínú mẹ́mórì ni ohun tó wà lójú. Eré tí gbogbo nǹkan ń sá sókè sá sódò nínú rẹ̀, ọ̀nà yìí ló bá a mu.

Ọ̀nà kejì: ẹ máa sàmì sí ibi tó yí padà, ibẹ̀ nìkan ni kí ẹ tún kùn. Bí ẹnì kan bá ń tẹ lẹ́tà sínú ìwé, kọ́sọ̀ tó ń ṣẹ́jú kò ju píksẹ́lì díẹ̀ lọ. Ẹni tó bá tún gbogbo mílíọ̀nù méjì píksẹ́lì yà nítorí kọ́sọ̀ dà bí ẹni tó tú gbogbo òrùlé nítorí páànù kan tó ń jò. Bátìrì fóònù ló máa san owó rẹ̀.

Ibi tí ọ̀nà kejì ti hàn gbangba ni skríìnì kékeré OLED táwọn tó ń to ẹ̀rọ fúnra wọn máa ń rà, èyí tó ń lo ṣíìpù SSD1306. Ó fẹ̀ ní 128, ó ga ní 64, píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan jẹ́ bíìtì kan, nítorí náà gbogbo rẹ̀ jẹ́ báìtì 1,024. Ó kéré, àbí? Ṣùgbọ́n wáyà I²C ló so ó mọ́ ẹ̀rọ. Bí wáyà yẹn bá ń sáré ní 400 kHz, tí báìtì kọ̀ọ̀kan sì ń ná an ní bíìtì mẹ́sàn-án, gbogbo ojú rẹ̀ á gba mílísẹ́kọ́ńdì 23 kó tó kọjá. Ìyẹn ni pé kò lè ju nǹkan bí ìgbà 43 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ẹ tó ṣe iṣẹ́ kankan mìíràn. Bí ó bá jẹ́ aago ni ẹ ń ṣe, tí nọ́ńbà kan ṣoṣo tó fẹ̀ ní píksẹ́lì 16, tó ga ní 16, ló yí padà, báìtì 32 ni ẹ máa fi ránṣẹ́. Kò tó mílísẹ́kọ́ńdì kan. Lórí skríìnì yẹn, mi ò lè gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó máa kun gbogbo rẹ̀.

Àmọ́ ẹ gbọ́ àbùkù ọ̀nà kejì, èyí tí àwa tó ń kọ Yorùbá ń jẹ níyà ju àwọn yòókù lọ. Ẹni tó bá fẹ́ nu lẹ́tà kan nù máa ń wọn gíga rẹ̀ láti orí dé ìdí, á sì nu àyè yẹn. Bí ó bá jẹ́ pé “E” ló fi wọ̀n ọ́n, àmì tó wà lábẹ́ Ẹ àti ohùn tó wà lórí Ẹ́ ti bọ́ síta. Ẹ máa rí i pé ìlà ọ̀rọ̀ ti lọ, àwọn tótó ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ káàkiri bí ẹ̀kán omi. Ẹ fi Ẹ́ àti Ọ̀ ńlá wọn gíga ìlà yín, ẹ má fi E wọ̀n ọ́n.

Ẹni tó bá yan èyíkéyìí nínú méjèèjì, kó má ya nǹkan tààrà sórí ohun tí skríìnì ń fi hàn lọ́wọ́. Ẹ yà á sẹ́yìn, kí ẹ gbé e síwájú lẹ́ẹ̀kan náà. Láìṣe bẹ́ẹ̀, ojú á máa rí àwòrán tó ya sí méjì, ìdajì tuntun, ìdajì àná. Browser máa ń ṣe èyí fún yín, ẹ má dà á láàmú.

Lẹ́tà tí a ti kùn tán, lẹ́tà onílà, àti lẹ́tà onírìn-jìnnà

Fọ́ǹtì tí a ti kùn tán ni ti VGA àti ti OLED kékeré yẹn: wọ́n ti pinnu píksẹ́lì tó máa tàn àti èyí tó máa kú. Kò sí ohun tó yá tó o. Ó tún mọ́ kedere ní ìwọ̀n tí wọ́n ṣe é fún. Fẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó di àkàbà. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú wọn fẹ̀ ní píksẹ́lì 5, ó ga ní 7. Ẹ wá sọ fún mi ibi tí ohùn òkè àti tótó ìsàlẹ̀ máa jókòó sí. Fún Yorùbá, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti gíga 16.

Fọ́ǹtì onílà ni TrueType tí Apple gbé jáde lọ́dún 1991, tó dé inú Windows 3.1 lọ́dún 1992. Kì í pa píksẹ́lì mọ́. Ìlà tó tẹ̀ ló ń pa mọ́, a sì ń ti ara ìlà yẹn ṣírò píksẹ́lì fún ìwọ̀n èyíkéyìí tí a bá fẹ́. Òun ló wà nínú fóònù yín báyìí. Ìṣirò yẹn ń náni lówó, nítorí náà gbogbo ètò tó gbọ́n máa ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wá to àbájáde rẹ̀ sórí àwòrán ńlá kan ṣoṣo. Àtẹ lẹ́tà ni mò ń pè é, torí bí ìyálọ́jà ṣe ń to ọjà sórí àtẹ ni: ẹ nawọ́, ẹ mú èyí tí ẹ fẹ́, ẹ kì í padà sóko.

Àtẹ lẹ́tà yá, àmọ́ ìwọ̀n kan ló wà fún. Bí ẹni tó ń lo ètò yín bá ń fi ìka méjì fẹ àwòrán ilẹ̀, lẹ́tà á máa ṣú. Ibẹ̀ ni irú lẹ́tà kẹta ti wọlé. Chris Green, tó ń ṣiṣẹ́ nígbà náà ní Valve, ilé iṣẹ́ eré kọ̀ǹpútà, ló ṣàlàyé rẹ̀ ní SIGGRAPH, àpéjọ àwọn oníṣẹ́ àwòrán kọ̀ǹpútà, lọ́dún 2007. Dípò kí píksẹ́lì inú àtẹ sọ pé “mo tàn” tàbí “mo kú”, ó ń sọ bí òun ṣe jìnnà sí etí lẹ́tà tó. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè é ní onírìn-jìnnà. GPU á ti ara ìjìnnà yẹn mọ ibi tí etí wà, lẹ́tà tí ẹ pa mọ́ ní 64 sí 64 á sì ṣì mọ́ nígbà tí ẹ bá fẹ̀ ẹ́ bí ẹnu ọ̀nà. Ẹ tún rí òjìji àti ìlà etí gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Igun tó mú ló máa ń di rogodo nínú rẹ̀; Viktor Chlumský, tó kàwé ní Prague, ló wá ọ̀nà fún un lọ́dún 2015, ó lo àwọ̀ mẹ́ta inú àwòrán kan láti pa igun mọ́.

Fún ẹni tó ń kọ Yorùbá, onírìn-jìnnà ní ewu kan tí mi ò rí kí ẹnikẹ́ni kọ sílẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín ọ àti tótó ìsàlẹ̀ rẹ̀ kéré gan-an. Bí àyè lẹ́tà kọ̀ọ̀kan nínú àtẹ bá kéré jù, àlàfo yẹn á kú, tótó á lẹ̀ mọ́ lẹ́tà, ọ á dà bí èso tó ní ìdí. Mo máa ń fún lẹ́tà tó ní àmì ní àyè tó tóbi ju ti ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ lọ.

Ìdí tí Jésù fi là á já

Nínú Unicode, àkójọ tí kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà, é ní nọ́ńbà tirẹ̀, ù ní tirẹ̀. Nítorí náà ètò mi, tó ń mú nọ́ńbà kan fún àwòrán kan, rí J, é, s, ù, ó sì yà á. Ṣùgbọ́n ọ́ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Méjì ni: U+1ECD fún ọ, U+0301 fún ohùn òkè tó gùn ún lórí. “Ọlọ́run” tí ẹ̀yin ń kà sí lẹ́tà mẹ́fà, méje ni kọ̀ǹpútà ń kà. Àwòrán fún U+0301 kò sí lórí àtẹ mi, ètò náà sì ya àpótí òfìfo.

Mo jókòó mo kà wọ́n. Nínú lẹ́tà Yorùbá tó ń gbé ohùn, mẹ́wàá ni kò ní nọ́ńbà tirẹ̀: ẹ́, ẹ̀, ọ́, ọ̀, m̀, àti àwọn ńlá wọn. Ẹ ṣàkíyèsí pé ẹ àti ọ fúnra wọn wà nínú fọ́ǹtì púpọ̀, torí pé àwọn ará Vietnam náà ń lò wọ́n. Ṣùgbọ́n wọn kì í gbé ohùn òkè lé e, wọn ò sì ní ṣ. Fọ́ǹtì tí ẹnì kan ṣe pẹ̀lú ìfẹ́ fún Vietnam lè jẹ́ kí ẹ rò pé ó ti gba Yorùbá náà, títí tí ẹ máa fi kọ “ọ̀ṣọ́”. Kódà àwọn ará wa ní Bẹ̀nẹ̀, tí wọ́n ń fi ɛ àti ɔ kọ tiwọn, kò bọ́: ɛ́ náà kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo.

Ó tún kù. Ẹnì kan lè tẹ e, kó tẹ tótó, kó tẹ ohùn: nọ́ńbà mẹ́ta. Ẹlòmíràn á tẹ é, kó wá fi tótó sí i. Lójú, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Bí ẹ bá yí wọn sí NFC, ìlànà Unicode tó ń sọ ọ̀nà kíkọ wọ̀nyí di ọ̀kan, gbogbo wọn á di ẹ pẹ̀lú U+0301. Èyí tí NFC kò lè gbà yín níbẹ̀ ni ti ẹni tó fi ìlà kékeré tó dúró, U+0329, ṣe àmì ìsàlẹ̀ dípò tótó U+0323. Ìwé àtijọ́ pọ̀ tó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ fúnra yín ni ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀.

Ọ̀nà méjì ló wà láti fi ohùn sórí lẹ́tà nígbà tí ẹ bá ń yà á. Èkíní, ẹ gbé e fún HarfBuzz, ètò tó ń ka inú fọ́ǹtì láti mọ ibi tí àmì kọ̀ọ̀kan máa jókòó sí. Chrome, Firefox, Android àti LibreOffice ń lò ó. Òun ló tọ́ bí ọ̀rọ̀ bá lè wá láti èdè èyíkéyìí. Èkejì ni èyí tó wù mí fún iṣẹ́ kékeré: ẹ ya lẹ́tà pẹ̀lú ohùn rẹ̀ ní àpapọ̀, kí ẹ gbé e sórí àtẹ bí ohun kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Fáwẹ̀lì méje, ohùn mẹ́ta, ńlá àti kékeré: 42. Kọ́ńsónáǹtì 17, torí gb jẹ́ g àti b, ńlá àti kékeré: 34. M àti n pẹ̀lú ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀: 8. Nọ́ńbà 0 dé 9: 10. C, q, v, x, z fún orúkọ àlejò: 10. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 104. Bí àtẹ yín bá ní àyè 128, 24 ṣì ṣẹ́ kù fún kómà, àmì ìbéèrè àti àwọn ẹbí wọn. Bí àyè kọ̀ọ̀kan bá fẹ̀ ní 32, tó ga ní 48 kí Ẹ́ lè rí ibi fi orí sí, àtẹ náà jẹ́ 512 sí 384; bí píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan bá gba báìtì kan, ó di báìtì 196,608. Gbogbo lẹ́tà tí ẹ nílò láti kọ Yorùbá, kò tó báìtì 200,000.

Kókó kan ṣáá: ẹ má fi nọ́ńbà lẹ́tà wá a lórí àtẹ. Odindi “ọ́” ni kí ẹ fi wá a. Nínú JavaScript, Intl.Segmenter ló ń gé ọ̀rọ̀ sí lẹ́tà bí ènìyàn ṣe ń kà á. Firefox ló pẹ́ jù nínú àwọn browser ńlá kó tó gbà á, ó di ọdún 2024. Òun náà ni kí ẹ lò bí ẹ bá fẹ́ kí lẹ́tà máa jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ á kọ́kọ́ jáde ní òun nìkan, ohùn rẹ̀ á wá sá tẹ̀ lé e bí ọmọ tó gbàgbé bàtà sílé.

Nínú browser: mẹ́rin lójúkorojú

| | HTML lásán | SVG | Canvas 2D | WebGL |
|---|---|---|---|---|
| Ta ló ń ya lẹ́tà? | browser | browser | browser, bí ẹ bá pè é | ẹ̀yin fúnra yín |
| Ohùn àti tótó | ó ń bọ́ sáyè | ó ń bọ́ sáyè | ó ń bọ́ sáyè | ọwọ́ yín ló wà |
| Yíyàn àti dídàakọ | ó ṣeé ṣe | ó ṣeé ṣe | rárá | rárá |
| Bí a bá fẹ̀ ẹ́ | ó mọ́ | ó mọ́ | ó ń ṣú, àfi kí ẹ tún un yà | bí ẹ bá ṣe ṣe àtẹ sí |
| Ẹgbẹẹgbẹ̀rún nǹkan tó ń rìn | ó wúwo | ó wúwo | ó gbà á | ó gbà á jù lọ |

HTML, èdè tí a fi ń kọ ojú ìwé inú browser, ni mo máa ń kọ́kọ́ gbìyànjú báyìí, mo sì ń dúró síbẹ̀ títí ó fi sọ fún mi pé ó rẹ òun. Ohun tó ń jẹ́ kí àwọn ènìyàn rò pé ó lọ́ra ni pé wọ́n ń fi left àti top, àṣẹ tó ń sọ ibi tí nǹkan wà lójú ìwé, gbé nǹkan rìn. Bí ẹ bá yí left padà, browser á tún apá kan ojú ìwé tàbí gbogbo rẹ̀ tò, á tún un kùn. Bí ẹ bá lo transform (tó ń sún nǹkan) tàbí opacity (tó ń mú kó hàn díẹ̀díẹ̀), ó ti kùn ún tẹ́lẹ̀, ṣe ló kàn máa gbé àwòrán náà kiri, GPU lá sì ṣe é. Ìyàtọ̀ wọn pọ̀ lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú. Bí ó bá sì jẹ́ ìwé atúmọ̀ tó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ ni, ẹ má tò ju èyí tí ojú ń rí lọ. Ẹ fi àwọn yòókù sílẹ̀ títí tí ọwọ́ á fi fà wọ́n wá.

SVG, àwòrán onílà tí a fi kóòdù kọ, dára fún àwòrán tí kò pọ̀: àtẹ ìṣirò, àwòrán ilẹ̀ ìpínlẹ̀, lógò. Ohun kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀ jẹ́ ẹrù kan tí browser ń rántí. Ọgọ́rùn-ún, kò sí wàhálà. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, ẹ ti pè é níjà.

Canvas, ojú òfìfo tí browser fún yín láti kùn, kì í rántí nǹkan kan. Ó kùn ún, ó gbàgbé. Ìdí nìyẹn tó fi fúyẹ́. Mo lò ó fún eré kan fún àwọn ọmọdé, tí lẹ́tà ń já bọ́ láti òkè, tí ọmọ máa fọwọ́ gbá èyí tí wọ́n bá pè. Ní ìbẹ̀rẹ̀, mò ń pe fillText fún gbogbo lẹ́tà ní gbogbo fíréèmù, fóònù ọmọ àbúrò mi sì ń gbóná lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ya lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan sórí canvas tí a kò rí, mo wá ń fi drawImage mú wọn níbẹ̀. Àtẹ lẹ́tà náà ni, browser ló bá mi to ohùn rẹ̀. Wàhálà parí. Ohun kan tó tún máa ń dé bá ẹni tó ń lo canvas: ojú fóònù tí browser ń pè ní 360 lè jẹ́ 1080 gan-an. Bí ẹ bá ṣe canvas tó fẹ̀ ní 360, wọ́n á nà án sí ìlọ́po mẹ́ta, lẹ́tà á ṣú bí ẹni wo ojú nínú omi. Ẹ fi devicePixelRatio, nọ́ńbà tí browser fi ń sọ ìlọ́po yẹn, sọ ọ́ di púpọ̀.

WebGL? Kò mọ lẹ́tà rárá. Igun mẹ́ta àti àwòrán ló mọ̀. Ẹ máa gbé àtẹ lẹ́tà fún un, kí ẹ sì jẹ́ kó ya gbogbo lẹ́tà ojú ìwé ní ìpè kan, torí ìpè kọ̀ọ̀kan sí GPU ní owó tó ń gbà. Àwòrán ilẹ̀ tó ń fẹ̀ tó ń sún, eré ńlá, ọ̀kẹ́ àìmọye ojúàmì lórí àtẹ ìṣirò: ibẹ̀ ló ti jẹ́ ọ̀gá. Kì í ṣe iṣẹ́ ìlà orin mẹ́rin.

Etí lẹ́tà: eérú tàbí aláwọ̀ mẹ́ta

Ẹ máa gbọ́ nípa ClearType, tí Microsoft kéde lọ́dún 1998, tó wọ Windows XP lọ́dún 2001. Píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan ní pupa, ewé àti búlúù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. ClearType ń lo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bí ẹni pé píksẹ́lì ni, kí etí lẹ́tà lè mọ́. Ìlọ́po mẹ́ta ló fún yín, àmọ́ ní ẹ̀gbẹ́ nìkan, kò fún yín ní nǹkan kan lókè àti nísàlẹ̀. Òkè àti ìsàlẹ̀ sì ni ohùn àti tótó wa wà. Ní lẹ́tà tó kéré, kò yọ wá nínú nǹkan kan. Apple yọ tiwọn kúrò nínú macOS Mojave lọ́dún 2018, nígbà tí skríìnì wọn ti mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí etí aláwọ̀ eérú lásán ti tó. Èmi náà, eérú ni mo ń lò, mo sì ń fi owó tí mo bá rí lé ìwọ̀n lẹ́tà: píksẹ́lì 16 ó kéré tán, àyè ìlà tó fẹ̀ díẹ̀, kí ohùn ìlà ìsàlẹ̀ má gún tótó ìlà òkè. Bí ẹ bá sì fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tí a lè tẹ̀, ẹ fi text-underline-offset sún un sísàlẹ̀, torí ìlà yẹn lè dé ibi tí tótó wa wà.

Bí mo ṣe ń yàn án

Ọ̀rọ̀ tí a ń kà, yálà ìròyìn, orin tàbí ẹ̀kọ́: HTML, láìjiyàn. Àwòrán díẹ̀ tí ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀: SVG. Eré kékeré: Canvas pẹ̀lú àtẹ lẹ́tà. Ohun tó ń fẹ̀ tó ń sún, tó sì pọ̀: WebGL pẹ̀lú lẹ́tà onírìn-jìnnà. Skríìnì kékeré tó wà lára ẹ̀rọ: fọ́ǹtì tí a ti kùn tán, lẹ́tà Yorùbá pẹ̀lú ohùn rẹ̀ lápapọ̀, kí ẹ sì máa kun ibi tó yí padà nìkan. Fọ́ǹtì tí ẹ bá máa gbé sórí ojú ìwé, Noto Sans, Gentium tàbí Charis kò tíì já mi kulẹ̀. Bí ẹ bá gé e kúrú kó lè fúyẹ́, ẹ má gé U+0300, U+0301 àti U+0323 dànù.

Kí ẹ tó gbà pé ó ti tó, ẹ tẹ Ọ̀ṢỌ́Ọ̀SÌ sínú rẹ̀, ńlá gbogbo, ní ìlà méjì tó tẹ̀ lé ara wọn. Ẹ wò ó bóyá lẹ́tà kan sanra ju èkejì lọ, ìyẹn ni pé fọ́ǹtì mìíràn ló yá yín ní ọ̀kan. Ẹ wò ó bóyá orí ohùn gé. Ẹ nù ún nù, kí ẹ wò ó bóyá tótó kankan ṣẹ́ kù.

Ti ìjọ wa, mo da gbogbo WebGL yẹn nù ní alẹ́ ọjọ́ Mọ́ńdè. HTML lásán, opacity, fọ́ǹtì kan, kóòdù tí kò kún ojú ìwé kan. Ọjọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, “Ọlọ́run” tàn sára ògiri pẹ̀lú ohùn rẹ̀ lórí. Mo yíjú wo Bàbá. Wọn ò wo ògiri rárá, ìwé orin ló wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní, “Orin kejì dà? A ti ń dúró.”